Orí Kẹje: Ẹ̀rọ Tí Ń Ki Afẹ́fẹ́ Sínú Ìbọn

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ńlá èyíkéyìí jáde láàárín ìlú Àbújá, ìbáà ṣe èyí tí ó lọ sí Nyanya, ìbáà ṣe èyí tí ó lọ sí Kubwa tàbí sí Lugbe, kò ní pẹ́ kí ó tó kan fọ́kánáísà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, tí òkìtì táyà àlòkù wà lápá ọ̀tún, tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tí ń mu epo bẹntiróòlù sì ń bú lápá òsì, tí àwọn awakọ̀ sì tò dúró pé kí ó bá àwọn fa afẹ́fẹ́ sí táyà kí ọjọ́ tó lọ. Ẹ̀rọ yìí ti mọ́ wa lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹnì kan bá ra ìbọn afẹ́fẹ́ ti òde òní, tí a sì sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ni ètù rẹ̀, èrò tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé fọ́kánáísà àdúgbò yóò bá òun ki í. Fọ́kánáísà kò lè ki í. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò béèrè ju bar 2 àti díẹ̀ lọ, èyí tí gééjì fọ́kánáísà ń kà sí 30 tàbí 35. Táyà àjàgbé ńlá ń béèrè nǹkan bíi bar 8. Agbára kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá bar 10. Ṣùgbọ́n ìbọn tí à ń wí yìí, òmíràn ń gba bar 200, òmíràn 250, òmíràn 300, èyí tí gééjì àwọn ará Amẹ́ríkà ń kà sí 4,350. Bí a bá rántí pé bar 1 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n tí gbogbo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run fi ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀ ayé, a ó mọ̀ pé ohun tí a fẹ́ sé mọ́ inú ọ̀pá irin kékeré yẹn kì í ṣe ohun eré.

Kì í ṣe gbogbo ìbọn afẹ́fẹ́ ni ó nílò ẹ̀rọ. Èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀, tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ lórí igi àgbàlumọ̀, tí a ń ṣẹ́ lọ́rùn kí sípíríìngì inú rẹ̀ lè ká, ara rẹ̀ ni ó ń fi ṣe ẹ̀rọ, kò sì bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí ń béèrè ẹ̀rọ ni èyí tí a ń ki láti ìta, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò tó yìn lọ́pọ̀ ìgbà kí a tó tún un ki. Irú rẹ̀ ni wọ́n sì ń lò nínú ìdíje ìbọn yíyìn láti mítà 10 níbi eré Olympics. Bí ó ti wù kí ó dàbí ohun tuntun létí wa, ó ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 1780 ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Austria bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọn afẹ́fẹ́ tí Bartolomeo Girandoni ṣe, ìbọn tí ó ń gbé nǹkan bí 20 ọta lẹ́ẹ̀kan, tí ìdí rẹ̀ sì jẹ́ àgbá afẹ́fẹ́. Ọ̀kan irú rẹ̀ ni Meriwether Lewis sì gbé lọ́wọ́ nígbà tí òun àti Clark, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìrìn àjò, la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já dé etí òkun ìwọ̀ oòrùn láàárín ọdún 1803 sí 1806. Wọ́n ní kí àgbá ìbọn Girandoni tó kún, ọmọ ogun yóò fi ọwọ́ fa póńpù rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 1,500, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kọjá nǹkan bíi bar 55. Kí òǹkàwé fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a ó tún dé orí ọ̀rọ̀ póńpù ọwọ́.

Kí a tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ òfin, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ohun tí kò bá ti lo ètù, tí kò sì rú èéfín, kì í ṣe ìbọn lójú ìjọba. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tí ó ṣì wà lórí ìwé ní Nàìjíríà, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní lọ́wọ́ láìgba ìwé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Louis Edet House níhìn-ín ní Àbújá. Ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́ tilẹ̀ tún burú jù ú lọ, nítorí ó wà nínú ìwé àwọn ohun tí àwọn aṣọ́bodè kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó wọ orílẹ̀-èdè yìí rárá. Nínú ìwé kan náà sì ni owó ẹyọ wà, owó tí àwọn babańlá wa fi ra ilẹ̀ tí wọ́n sì fi fẹ́ ìyàwó, tí ìjọba kò tíì rántí yọ kúrò títí di òní. Mo kàn ní kí n dárúkọ rẹ̀ ni. Kókó ọ̀rọ̀ ni pé kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìbọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bar 300 sílé láìní ìwé àṣẹ ìbọn tí ó fẹ́ fi ki ti fi ẹ̀yìn ṣíwájú. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, kì í fi ohun tí ó jẹ mọ́ irin àti ìbọn ṣe ohun ìkọ̀kọ̀.

Ọ̀tá méjì ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ yìí ní: ooru ni ọ̀kan, omi ni èkejì. Gbogbo ohun tí ó mú kí ẹ̀rọ kan wọ́n kí òmíràn sì pọ̀ lọ́jà, gbogbo ohun tí ó mú kí ẹ̀rọ kan lo ọdún mẹ́wàá kí èkejì rẹ̀ sì kú láàárín oṣù mẹ́ta, àárín àwọn méjì yìí ni ó wà, ẹni tí ó bá sì yé dáadáa kò ní í jẹ́ kí ọlọ́jà fi ọ̀dà dídán àti gééjì aláràbarà tan òun jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ooru. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ a gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a bá sì fún mọ́ ojú kan, gbígbóná ni yóò gbóná. Bí a bá mú afẹ́fẹ́ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí a sì fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé bar 300 láìjẹ́ kí ooru náà rí ọ̀nà sá, ìṣirò fi hàn pé yóò kọjá 1,200, ooru tí bàbà pàápàá yóò yọ́ sí. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, mọ àṣírí yìí, òun ni ó sì lò nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897: ó fún afẹ́fẹ́ títí ó fi gbóná janjan, ó ta epo sí i, epo náà sì gbiná láìṣáná sí i. Bí àwọn àjàgbé tí ń kó tòmátì bọ̀ wá sí Dei-Dei ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ire nínú ẹ́ńjìnnì àjàgbé, ibi ni ó jẹ́ nínú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, nítorí ọ́ìlì ń bẹ nínú òun náà, a kò sì fẹ́ kí ó gbiná. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ yìí kì í fi fún afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń fún un ní ìpele méjì, mẹ́ta, tàbí mẹ́rin, wọ́n sì ń tù ú lójú láàárín ìpele kan sí èkejì. Bí ìpele bá jẹ́ méjì, tí kò sì sí ìtutù àyàfi láàárín ìpele kan sí èkejì, ìpele kọ̀ọ̀kan lè mú ooru kọjá 400. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ooru náà kò ní dé 260. Ẹ̀rọ olówó ńlá, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Bauer ti ilẹ̀ Jámánì ń ṣe fún àwọn òmùwẹ̀ abẹ́ òkun, ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ní, ó sì lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ìpele méjì ni ó sábà máa ń ní, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹni tí kò bá ní owó ọbẹ̀ olóyinmọmọ lè jẹ èyí tí ó wà, bí ó bá ṣáà ti mọ̀ pé ìsinmi ni ó fi ń san ìyókù owó náà.

Omi ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀ jù, òun sì ni àwọn ènìyàn fojú fò jù, bóyá nítorí pé ojú kò rí i. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú ní omi nínú, omi náà sì yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ní ìlú Àbújá, láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ tutù, lítà 1,000 afẹ́fẹ́ lè gbé omi tí ó ju gíráàmù 20 lọ. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, tí ètè ń bó, tí aga onígi ń ké lóru, lítà 1,000 afẹ́fẹ́ ọ̀sán lè má gbé ju gíráàmù 4 tàbí 5 lọ. Láti ki àgbá lítà 1 dé bar 300, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ yóò fà wọlé láti ìta súnmọ́ lítà 300. Bí a ti ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kí omi ara rẹ̀ lè kán sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fún afẹ́fẹ́ yìí, nítorí náà, ní àsìkò òjò, omi tí ó tó ṣíbí tíì kan ó lé díẹ̀ yóò jáde lára afẹ́fẹ́ àgbá lítà 1 kan ṣoṣo yìí. Bí ẹnì kan bá wá ní sílíńdà ńlá ti lítà 6.8, tí ó sì ki í láti òfìfo, omi náà yóò ju gíráàmù 35 lọ. Níbo ni yóò gbà? Bí a kò bá tú u dànù, bí kò sì sí ohun tí yóò mu ún lójú ọ̀nà, inú ìbọn ni yóò lọ, yóò dípẹtà sí irin, yóò jẹ aluminíọ̀mù, yóò sì ba fáàfù jẹ́. Ẹni tí ó ni ìbọn kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ọta rẹ̀ kò bá dé ibi tí ó ń dé tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ni kí a máa ki ìbọn wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọyẹ́ tí ó gbẹ omi kúrò ni ó kó eruku Sàhárà dé, eruku kíkúnná tí ń bo ojú Aso Rock mọ́ ará Asokoro tí ń gbé nídìí rẹ̀. Bí eruku yẹn bá wọ inú sílíńdà ẹ̀rọ, yóò máa yún písítìnì àti ríìngì rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Nítorí náà, ìgbà òjò ń béèrè pé kí a máa tú omi dànù, kí a sì máa pààrọ̀ ohun tí ń mu omi. Ìgbà ọyẹ́ ń béèrè pé kí a máa gbọn asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, kí a máa fọ̀ ọ́, kí a sì máa gbé ẹ̀rọ sí inú yàrá dípò ìta gbangba. Láàárín wọn ni ìgbà ooru wà, oṣù kejì sí ìkẹrin, tí ọ̀sán Àbújá sábà máa ń kọjá 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní àkókò yẹn, kò sí ohun tí ó dára bí kí a ṣe iṣẹ́ náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí oòrùn tó là.

Wàyí o, irú èwo ni kí a rà? Mo ti sọ pé a ó padà sórí póńpù ọwọ́. Ó wà, ìpele mẹ́ta ni ó sábà máa ń ní, ó sì lè dé bar 300. Kò jẹ iná, kò jẹ epo, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn yòókù. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí ìbọn rẹ̀ kéré, tí ó sì ń ki í ní bar 200 mọ, n kò rò pé ó yẹ kí ó ra ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n láti bar 200 sókè, ìwọ̀n ara ẹni tí ń fà á ni ó kù tí yóò máa fi tẹ̀ ẹ́, àgbàlagbà tí ó bá sì fẹ́ máa fi ọwọ́ ki sílíńdà lítà 6.8, kí ó lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná.

Lẹ́yìn póńpù ọwọ́ ni ẹ̀rọ kékeré tí a lè gbé lọ́wọ́ kan, tí ń lo bátìrì ọkọ̀ tàbí iná ilé. Bátìrì ọkọ̀ ni ó rọrùn jù fún un nílùú tí iná kò dúró. Nítorí pé ó lè fa iná tó ámípíà 20 sí 30, ẹ má ṣe kì í bọ ojúhò tí a fi ń ṣáná sí sìgá nínú ọkọ̀, nítorí ojúhò yẹn kò lè gbé e. Orí bátìrì gan-an ni kí a so ó mọ́, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí kò wà fún sílíńdà ńlá. Inú ìbọn tààrà ni ó ń ki, inú ọ̀pá ìbọn kì í sì í sábà ju ààbọ̀ lítà lọ. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sinmi títí yóò fi tutù. Ohun tí ó ń pa á jù ni kí ẹni tí ó ni ín so ó mọ́ sílíńdà ńlá kí ó sì jókòó ti ayò.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí omi ń tù lára, tí ń lo iná ilé. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kàn jù láàárín àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n káàkiri ayé ni Yong Heng, tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Ṣáínà. Agbára rẹ̀ tó wáàtì 1,800, póńpù kékeré kan tí a ń jù sínú garawa ni ó sì ń fa omi tútù gba ara rẹ̀. Òun lè ki sílíńdà ńlá, ṣùgbọ́n ojú ẹni gbọdọ̀ wà lára rẹ̀. Garawa kan kò tó o lọ́sàn-án ìgbà ooru. Bí omi inú rẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a da yìnyín sí i tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀, bí gééjì ooru orí ẹ̀rọ bá sì ti súnmọ́ 70, kí a dá a dúró. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Níbi ti iná, ọ̀rọ̀ pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò lára ẹ̀rọ, kí a tó wo gééjì, kí a tó wo ọ̀dà, ni àwo kékeré tí a kọ ìwọ̀n iná sí. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230. Ti Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ń fi ránṣẹ́ láti Houston ni ó ń kú lójú ẹsẹ̀ tí a bá so wọ́n mọ́ iná ilé, tí a ó sì máa sọ pé ọjà ayédèrú ni. Èkejì ni pé mọ́tò tí ń fún afẹ́fẹ́ ń béèrè agbára púpọ̀ nígbà tí ó bá ń dìde ju ìgbà tí ó bá ń sáré lọ, ó lè tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I Pass My Neighbour” kò lè gbé ẹ̀rọ wáàtì 1,800 dìde. Èyí tí kò bá tó kílówáàtì 3.5 ó kéré tán, kí a má ṣe dá a lára. Bí a bá sì ń lo iná ilé iṣẹ́ mànàmáná Àbújá, tí iná náà bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gílóòbù ń pọ́n bí ẹyin iná, ẹ má tan ẹ̀rọ náà. Mọ́tò tí ó ń gbìyànjú àtidìde tí kò lè dìde, jíjó ni yóò jó.

Ọlọ́jà yóò sọ fún yín pé ẹ̀rọ òun ń dé bar 300, ẹ ó sì rò pé dandan ni kí ẹ máa lò ó dé ibẹ̀. Èrò mi yàtọ̀. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe é kọ sí i lára; bí a bá ki í kọjá ìwọ̀n yẹn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò tẹ fáàfù mọ́lẹ̀ débi pé òòlù kékeré tí ń lù ú kò ní lè ṣí i dáadáa, ọta yóò sì rọ dípò kí ó le. Ẹ̀rọ pàápàá, bar 100 tí ó kẹ́yìn ni ó ń gbó o jù, nítorí ibẹ̀ ni ooru ti ń ga, ibẹ̀ ni ríìngì ti ń jẹ. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń gba 200, tí ó sì ń dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró ní 200 lójoojúmọ́, yóò lo ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú títí àwọn aládùúgbò yóò fi máa bi í pé níbo ni ó ti rà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú rẹ̀ kò ṣòro. Kí a tó tan ẹ̀rọ, kí a ṣí ìdérí tí ń tú afẹ́fẹ́ dànù, kí mọ́tò lè dìde láìrù. Lẹ́yìn náà kí a dé e. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí a ṣí ibi tí omi ń gbà jáde díẹ̀, a ó sì rí ohun funfun bí omi ẹ̀kọ tí yóò tú jáde pẹ̀lú ariwo: omi àti ọ́ìlì ni. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọ̀nà rọ́bà dànù kí a tó yọ ọ́ lára ìbọn, nítorí ọ̀nà rọ́bà tí ó já pẹ̀lú bar 200 nínú rẹ̀ lè fọ́ ojú ènìyàn. Kí gíláàsì ojú sì má wọ́n ní ibi iṣẹ́. Ọ́ìlì inú ẹ̀rọ, kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀rọ tuntun ń bọ́ èérún irin sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ rẹ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀. Bí ó bá dúdú, ó ti gbó. Bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ ọ́. Ọ́ìlì tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ dárúkọ ni kí a lò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí mẹkáníìkì bù sínú gálọ́ọ̀nù kò yẹ ẹ́, nítorí ó lè ṣe ohun tí epo ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì Diesel. Fún àwọn òrùka rọ́bà tí ń dí afẹ́fẹ́, gírísì sílíkóònù nìkan ni ó yẹ. Gírísì dúdú tí a fi ń ra bẹ́árìn, kí a jìnnà sí i.

Kókó kékeré tí ń mu omi, tí ó wà nínú asẹ́ lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ń pa àwọ̀ dà bí ó bá ti yó: òmíràn yóò kúrò ní búlúù di rẹ́súrẹ́sú pupa. Lọ́jọ́ tí ó bá ti pa àwọ̀ dà ni kí a pààrọ̀ rẹ̀, kí a má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Ìwé kékeré kan tí a fi okùn so mọ́ ẹ̀rọ, tí a ń kọ iye ìṣẹ́jú tí ó gbà kí ìbọn tó kún sí, yóò tún wúlò ju bí a ti rò lọ. Ìbọn tí ó ń kún ní ìṣẹ́jú mẹ́fà tẹ́lẹ̀, tí ó wá ń gba mẹ́sàn-án, ríìngì ni ó ti jẹ tàbí afẹ́fẹ́ ni ó ń jò. Láti mọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì, kí a ṣe ohun tí fọ́kánáísà ń ṣe, kí a ho ọṣẹ sí ibi tí a fura sí kí a sì wo ibi tí ìfófó yóò ti máa rú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a béèrè ríìngì, òrùka rọ́bà àti abala bàbà tín-ín-rín tí ń bẹ́ fúnra rẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà bẹ́, kí a tó san owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní ohun ìpààrọ̀ lọ́jà, bó bá pọ́n tí kò wọ́n, kò rẹwà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní fi ẹnu rọra sọ. Ní Apo, níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí, àti níbi gbogbo tí àwọn wẹ́dà wà, sílíńdà gíga kan wà tí wọ́n ń kó ọ́síjìn sí, agbára inú rẹ̀ lè tó bar 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìgbà tí ẹnì kan kò ní sọ pé, kí ni ẹ̀rọ, ṣebí ohun tí a ń wá ti wà nínú sílíńdà yìí, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà rọ́bà bù ú sínú ìbọn. Ẹ má ṣe é. Ọ́síjìn tí ó ní agbára báyìí, bí ó bá kan ọ́ìlì tàbí gírísì bí ó ti wù kí ó kéré tó, yóò gbiná, ìbọn náà yóò sì bẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í mú. Ohun tí ẹ̀rọ ń ki ni afẹ́fẹ́ tí a ń mí, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ kò ju ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bákan náà ni kí a má ṣe gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ki sílíńdà tí òmùwẹ̀ yóò gbé wọ odò, nítorí èéfín ọ́ìlì inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò yẹ fún ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn.

Sílíńdà sì ni òpin ọ̀rọ̀ yìí. Àgbá lítà 1 tí a ki dé bar 300, agbára tí ó sùn sínú rẹ̀, ní ìṣirò, tó láti gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wọn kílógíráàmù 1,000 ga ju mítà 10 lọ. Sílíńdà gáàsì ìdáná kò lè gbé e, nítorí ohun tí ó wà nínú tirẹ̀ kò tó bar 20. Sílíńdà apaná kò lè gbé e. Páìpù omi tí wẹ́dà jó pọ̀ kò lè gbé e. Èyí tí a ṣe fún un nìkan ni ó lè gbé e, irin tàbí èyí tí a fi okùn kábọ́ọ̀nù wé. A ń yẹ irú rẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ọdún 15 ni a sì sábà máa ń dá fún èyí tí a fi okùn kábọ́ọ̀nù wé. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn wà lára rẹ̀, ẹ kà á kí ẹ tó náwó. Bí ẹ bá rí àlòkù tí wọ́n ti ha ọjọ́ ara rẹ̀ dànù, tàbí tí wọ́n ti kùn ún bò, ẹ má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fi í ta yín lọ́rẹ.